Omi Tí Wàhábì Gbé Mì

Ní Òkè-Ọsán, bí àlejò bá bèèrè olórí ẹgbẹ́ àgbẹ̀, ilẹ̀ ni wọ́n máa ń tọ́ka sí. Wọn kò fi ṣe àwàdà. Abúlé náà kò jìnnà sí Odogbolu, àwọn ará ibẹ̀ sì ti rí ohun tí wọ́n rí láti ayé òyìnbó. Nígbà náà wọ́n ní olórí kan ṣoṣo. Ọlọ́pàá gbé e lọ lórí ọ̀rọ̀ owó orí, ẹgbẹ́ sì kú bí fìtílà tí kò lépo. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti pinnu pé àwọn kò ní í ní orí mọ́, ẹnu nìkan ni àwọn yóò máa ní.

Ẹnu yìí kì í pẹ́ lọ́dọ̀ ẹnì kan. Láti ọjọ́ ọjà kan títí di ọjọ́ ọjà kejì, ẹnì kan ni yóò máa bá àlejò sọ̀rọ̀, ì báà ṣe ìjọba, ì báà ṣe oníkòkó. Bí ọjọ́ ọjà bá pé, wọn á bu omi sínú igbá fún un lójú gbogbo ènìyàn. Á fi fọ ẹnu rẹ̀, á tu omi náà sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti kúrò lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn, ẹlòmíràn á gbà á. Bí o jẹ́ ọkùnrin, bí o jẹ́ obìnrin, bí o ń lọ mọ́ṣáláṣí, bí o ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, yóò kàn ọ́.

Àṣà yìí ló ń gba ilẹ̀ wọn sílẹ̀. Ìjọba fẹ́ gba ilẹ̀ Òkè-Ọsán fi dá oko ọ̀pẹ ńlá, wọ́n sì ń wá ẹnì kan tí yóò sọ pé òun gbà lórúkọ gbogbo àgbẹ̀. Bí wọ́n bá wá lónìí, Ràmọ́tà ni wọn á bá. Bí wọ́n bá padà wá, Yẹ̀kínì ni wọn á bá. Ẹni yòówù tí wọ́n bá sì bá, á sọ pé òun kò lè ṣèlérí lórúkọ ẹnu tó ń bọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba á jan fáìlì mọ́lẹ̀, wọn á wọ ọkọ̀, wọn á lọ.

Olúyọmí Òkúsànyà mọ gbogbo èyí. Ẹ jẹ́ kí a fi í sọ́kàn pé ó mọ̀ ọ́n, nítorí àwọn kan ti ń bá a wá àwáwí. Susannah ìyá rẹ̀, opó tísà, ń gbé Ìjẹ̀bú-Òde, ṣùgbọ́n Òkè-Ọsán ni oko kòkó tó fi rán an nílé-ìwé wà, òun náà a sì máa gba ẹnu bó bá kàn án. Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ni Olúyọmí wà nígbà àkọ́kọ́ tí omi ìfọnu ta sí i lẹ́sẹ̀.

Ohun tó fi ayé rẹ̀ kọ́ pàápàá kò jìnnà sí i. Nílùú òyìnbó, ìwé tó kà ni ti àwọn onílẹ̀ ìbílẹ̀ orílẹ̀-èdè Bòlífíà, bí wọ́n ṣe ń kóra jọ láti gba ẹ̀tọ́ wọn, àti ti àwọn òṣèlú tó máa ń jáde sí irú wọn pé, “Ẹ̀yin ni mí, èmi ni yín,” títí wọn á fi gun ẹ̀yìn wọn dé ilé ìjọba. Ó mọ irú àwọn òṣèlú bẹ́ẹ̀ bí ẹní mowó.

“Ọmọ mi,” ìyá rẹ̀ a máa wí, “o wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ wo àgbẹ̀ níbi tí òjò dídì ti ń rọ̀. Èmi tí mo ń ro ẹ̀gẹ́ nílé ńkọ́? Ṣé àwọ̀ tèmi ni kò bá ìwé mu?”

“Màmá, mo ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín.”

“Tètè máa bọ̀ o. Koríko kì í dúró de sátífíkéètì.”

Nígbà tó padà dé, tó ń kọ́ni ní yunifásítì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé nípa Òkè-Ọsán lóòótọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ka ohun tó kọ, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. “Ẹgbẹ́ tí kò lólórí? Yọmí, ta ló máa gbà ọ́ gbọ́? Lọ wá olórí wọn. Ó wà níbẹ̀, o kò tíì rí i ni.” Olúyọmí bá a jiyàn. Nígbà tó yá ó dẹ́kun iyàn jíjà, nítorí ọ̀gá yìí kan náà ni yóò sọ bóyá òun pẹ̀lú yóò di ọ̀jọ̀gbọ́n.

Lọ́dún 1982, àwọn ọmọ régbérégbé rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ dàgbà, pè é kó wá bá ìlú sọ̀rọ̀. Gbọ̀ngàn kún. Àwọn lọ́yà wà níbẹ̀, àwọn tísà wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn oníṣòwò àti àwọn ìyá ìjọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n ọ̀gá rẹ̀ wá láti yunifásítì, ó jókòó níwájú. Ẹ̀yìn pátápátá, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ni àwọn ará Òkè-Ọsán jókòó sí. Wàhábì ni ẹnu gbogbo wọn títí di ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀. Òun àti Olúyọmí jọ wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí Wàhábì tó fi ìwé sílẹ̀ lọ sóko. Ọkùnrin gíga ni, ohùn rẹ̀ sì dùn. Òun ló máa ń ṣáájú àwọn tó ń kọrin jí ènìyàn sí sààrì nínú oṣù ààwẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà lọ dáadáa. Olúyọmí ṣàlàyé ẹnu, ó ṣàlàyé omi, àwọn ènìyàn ń mi orí. Nígbà náà ni Olóyè Harold dìde. Olówó tó ń ta símẹ́ǹtì ni, ó ń wá ipò nínú ìbò ọdún tó ń bọ̀, ó sì ti gbìyànjú títí láti wọ Òkè-Ọsán, kò rí ẹni tó lè bá dúnàádúrà.

“Ọ̀mọ̀wé wa, ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀ yín dùn ju ìkókorè lọ.” Gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. “Ṣùgbọ́n èmi ò lọ sí yunifásítì o. Adìẹ tí a bá gé lórí, mo mọ̀ pé á sáré díẹ̀, á sì ṣubú. Àwọn àgbẹ̀ yìí, ta ni olórí wọn?”

“Wọn kò ní olórí, Olóyè.”

“Àbí ẹ kò mọ̀ ọ́n ni?”

Ẹ̀rín bú sẹ́nu gbogbo wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó wà níwájú náà rẹ́rìn-ín, ó wo Olúyọmí bí ẹni tó ń sọ pé, mo wí fún ọ. Ilẹ̀ ló yẹ kó tọ́ka sí. Ìka rẹ̀ tilẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ń tì í níwájú àwọn tí wọ́n jọ dàgbà, òógùn sì ti bo imú rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn.

“Ó dáa. Wàhábì tó jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn yẹn ni olórí wọn.”

Gbogbo orí yí padà. Ẹnì kan pàtẹ́wọ́, gbọ̀ngàn sì gbà á. Wàhábì kọ́kọ́ wo ilẹ̀. Nígbà tí àtẹ́wọ́ náà kò dáwọ́ dúró, ó dìde, ó sì gbé orí sókè.

Olúyọmí ní òun á tún un ṣe lẹ́yìn ìpàdé. Nígbà tí yóò fi bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń kí i, ọkọ̀ bọ̀gìnnì Olóyè Harold ti gbé Wàhábì lọ. Gbàdàmọ́sí, bàbá àgbà tó ń tọ́jú igbá ìfọnu, ló dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

“Ọ̀mọ̀wé, ẹ kú oríire o.” Ọmọ tí bàbá yìí ti nù nímú rí ló ń fi ọ̀wọ̀ kí bẹ́ẹ̀.

“Bàbá, ẹ má bínú. Ẹnu mi ló ṣì.”

“Ẹnu yín kọ́. Ẹnu wa ni. Ẹ ti bí orí fún wa. À á máa wò ó bóyá yóò jọ yín.”

Láti ọjọ́ náà, Gbàdàmọ́sí kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn kan ní bàbá náà le jù. Ẹni tó bá ń sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ilẹ̀ tirẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ ọjà pé, Olúyọmí wa Dátsùn rẹ̀ lọ sí Òkè-Ọsán. Ìrètí rẹ̀ ni pé bí Wàhábì bá ti fọ ẹnu, ọ̀rọ̀ parí. Ràmọ́tà tó ń yan gààrí ló kàn láti gba ẹnu, Susannah ló sì tẹ̀lé e. Ìyá rẹ̀ ti dé síbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ó jókòó lórí àpótí, ó ń ro ohun tí yóò sọ fún ìjọba bó bá kàn án.

Olóyè Harold náà ti dé. Ó ti bọ́ bàtà, ó ti ká ṣòkòtò sókè, ó ń bá àwọn ọ̀dọ́ mu gààrí tútù nínú abọ́ kan náà. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà lórí ọkọ̀ rẹ̀.

“Ọmọ àgbẹ̀ lèmi náà!” ó ń kígbe. “Àwọn alákọ̀wé kò mọ̀ yín! Àwọn ará Èkó kò mọ̀ yín! Wàhábì mọ̀ yín, èmi sì mọ Wàhábì!”

Olúyọmí ti kọ ọ́ sínú ìwé rí pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n máa ń ṣe é. Ó mọ ìgbà tí wọ́n ń bọ́ bàtà, ó mọ ìgbà tí wọ́n ń bú alákọ̀wé. Ó mọ̀ pé ohun tó kàn ni kí ó gbé ọmọ ọwọ́ kan. Olóyè Harold sì gbé ọmọ ọwọ́ kan. Olúyọmí dúró síbẹ̀ bí ẹni tó rí òjò tó ń ṣú, tí kò sì ní òrùlé.

Gbàdàmọ́sí gbé igbá jáde, ó bu omi sí i, ó nà án sí Wàhábì. Ràmọ́tà nu ọwọ́ sára ìró rẹ̀, ó ń dúró.

“Wàhábì, má fọ̀ ọ́!” ọ̀dọ́ kan kígbe. “Ìwọ lo mọ ọ̀rọ̀ sọ!”

“Ẹ ò kúkú jẹ́ kó di ẹ̀yìn ìbò,” Olóyè Harold wí, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn.

“Fọ ẹnu rẹ,” Gbàdàmọ́sí wí.

Wàhábì gbé igbá sẹ́nu. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún. Lẹ́yìn náà, gògóńgò rẹ̀ lọ sókè, ó sì bọ̀ wálẹ̀. Ó ti gbé omi náà mì.

“Òùngbẹ ń gbẹ mí,” ó wí, ó sì rẹ́rìn-ín.

Àwọn ọ̀dọ́ hó yèè. Wọ́n gbé e sí èjìká, ẹ̀rọ gbohùngbohùn bẹ̀rẹ̀ orin. Ọwọ́ Ràmọ́tà ṣì wà níwájú rẹ̀, kò mọ ibi tí yóò fi í sí.

“Yọmí,” ìyá rẹ̀ pè é jẹ́jẹ́. “Ta ló mu ún rí? Ìwọ tó o kàwé, ta ló mu ún rí?”

Olúyọmí gun orí àga gbọọrọ kan. “Ẹ gbọ́! Èmi ni mo ṣe àṣìṣe. Wàhábì kì í ṣe olórí yín. Ẹ kò ní olórí!”

“Kí ló dé tó o wá sọ ọ́ nínú gbọ̀ngàn?” ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà dá a lóhùn.

“Nígbà tí ẹni tiwa wọ ọkọ̀ bọ̀gìnnì, inú Dókítà bà jẹ́!” ẹlòmíràn wí, wọ́n sì fi í rẹ́rìn-ín.

Ìyá àgbà kan fà á láṣọ sọ̀ kalẹ̀. “Sọ̀ kalẹ̀, ọmọ Màmá Tísà. Bí ọmọ bá ti wáyé, a kì í dá a padà sínú ikùn.”

Ó lọ bá Wàhábì nílé. Páànù tuntun ń dán lórí ilé náà, páànù Olóyè Harold ni. Kúbúrátù, ìyàwó Wàhábì, gbé àga fún àlejò, ó bu omi fún un, ó sì wọ yàrá lọ.

“Wàhábì, ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀. Fọ ẹnu rẹ. Sọ fún wọn pé mo parọ́.”

“O parọ́ ni?”

“Mo parọ́.”

“Kí ni mo ṣe fún ọ tó o fi parọ́ mọ́ mi?”

Olúyọmí yí ife omi náà lọ́wọ́.

“Jẹ́ kí n sọ ọ̀kan fún ọ, Yọmí,” Wàhábì wí. Kò pariwo. “Láti ọjọ́ tí mo ti kúrò nílé-ìwé, kò sẹ́ni tó pe orúkọ mi nínú gbọ̀ngàn rí. Àwa, àwa, àwa ni ṣáá. Àwa gbìn, àwa kọ̀, àwa ò fẹ́. Ìwọ lo yọ mí sọ́tọ̀, tí àwọn lọ́yà pàtẹ́wọ́ fún mi. O wá ní kí n padà lọ di àwa.”

“Ohun tó ń dáàbò bo ilẹ̀ nìyẹn. Ìwọ náà mọ̀.”

“Ìwé tó o ń kọ nípa wa yẹn, tí wàá fi di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ṣé ‘àwa’ ni wọ́n máa kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ ni, àbí Olúyọmí Òkúsànyà?”

Kúbúrátù rẹ́rìn-ín nínú yàrá. Olúyọmí kò lè mu omi tí wọ́n gbé fún un. Ó dìde, ó lọ.

Ó tilẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Olóyè Harold. Ọkùnrin náà fi tìfẹ́tìfẹ́ gbà á. “Ọ̀gá mi, ẹ jókòó! Ó ti pẹ́ tí ògiri nìkan ni mò ń rí ní Òkè-Ọsán. Ẹ̀yin lẹ fi ilẹ̀kùn hàn mí.”

“Ilẹ̀ wọn ńkọ́, Olóyè?”

“Ilẹ̀ wo? Èmi ò wá ilẹ̀. Àwọn ènìyàn ni mo fẹ́ràn.” Ó sì sin Olúyọmí dé ìdí ọkọ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú bí ẹni pé ìyá kan náà ló bí wọn.

Ìbò dé, Olóyè Harold wọlé. Kò pẹ́ sí i tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fi ránṣẹ́ sí olórí àgbẹ̀ Òkè-Ọsán. Wọ́n ti ní orúkọ tí wọ́n lè pè wàyí. Wàhábì wọ agbádá, òun nìkan ló lọ. Nígbà tó dé, ó sọ fún àwọn ènìyàn pé òun gbà kí wọ́n mú ẹ̀bá odò, níbi tí kòkó kì í ti í ṣe dáadáa, kí àwọn ọ̀dọ́ lè rí iṣẹ́ ṣe nínú oko ọ̀pẹ. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí fún un lóòótọ́. Ṣùgbọ́n katapílà kò mọ ẹ̀bá odò. Ìdí títì ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ń ká igi kòkó bí ẹni ń ká ẹní.

Olúyọmí sáré tọ lọ́yà kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ. Lọ́yà náà gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó gbé àgbọ̀n lé ọwọ́. “Olórí wọn ti gbà,” ó wí. “Ta ni yóò wá sọ pé kì í ṣe olórí wọn? Ìwọ? Inú gbọ̀ngàn yẹn ni mo wà, Yọmí. Mo pàtẹ́wọ́.”

Ọjọ́ tí katapílà dé oko Susannah, Olúyọmí wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Kò sí ohun tí ó lè ṣe. Ó dúró níwájú ẹ̀rọ náà títí awakọ̀ fi sọ̀ kalẹ̀, tó sì bẹ̀ ẹ́ pé iṣẹ́ òun ni òun ń ṣe, òun náà lọ́mọ. Ìyá rẹ̀ ló fà á sẹ́yìn. Lẹ́yìn tí ariwo lọ, obìnrin náà wọ àárín àwọn igi tó ṣubú, ó ń ṣa èso kòkó sínú apẹ̀rẹ̀, èyí tó pọ́n àti èyí tí kò tíì pọ́n.

“Màmá, ẹ fi sílẹ̀.”

“Kí n fi sílẹ̀ fún ta?”

Ó ṣa kòkó títí apẹ̀rẹ̀ fi kún. Oko tó fi rán an nílé-ìwé nìyẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni wọ́n sọ Olúyọmí di ọ̀jọ̀gbọ́n. Wọ́n ní iṣẹ́ rẹ̀ lórí Òkè-Ọsán, bí olórí ṣe ń jáde láàárín àwọn mẹ̀kúnnù, jinlẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ di mọ́ ọn. Àwọn ọmọ régbérégbé rẹ̀ fẹ́ ṣe ìnáwó, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́. Wọ́n rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ló ń ṣe.

Nígbà tí ọdún 1983 ń parí, àwọn sójà gba ìjọba. Wọ́n ti Olóyè Harold mọ́lé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, ọkọ̀ sójà dúró ní Òkè-Ọsán, wọ́n ń wá àwọn tó bá a ṣiṣẹ́. Wọ́n kó àwọn tí wọ́n rí jọ sí ojú ọjà. Olúyọmí wà lára wọn, òun ló gbé ìyá rẹ̀ wá wo ẹ̀gẹ́ tó kù. Ọ̀gá sójà náà rí awò ojú rẹ̀, ó sì kọjú sí i ṣáájú.

“Ẹ̀yin. Ta ni olórí wọn níbí?”

Olúyọmí tọ́ka sí ilẹ̀. “Ilẹ̀,” ó wí. “Ilẹ̀ ni olórí wa níbí.”

Sójà náà wo ibi tó tọ́ka sí. Ipa katapílà ló wà níbẹ̀, ó gbòòrò, ó ti gbẹ.

“Ilẹ̀ ìjọba nìyẹn,” ó wí. Kò tilẹ̀ bínú. Ó gbé ojú kúrò lára rẹ̀, ó wo àwọn ènìyàn tó kù.

Olúyọmí náà yíjú wò wọ́n. Yẹ̀kínì ti na ọwọ́. Ràmọ́tà ti na ọwọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tó gbé Wàhábì sí èjìká, gbogbo wọn ló na ọwọ́ sí ilé tí páànù rẹ̀ ń dán. Susannah nìkan ni kò na tirẹ̀, ó ká ọwọ́ méjèèjì sí oókún rẹ̀, ó ń wo ọmọ rẹ̀.

Wọ́n mú Wàhábì jáde pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì lọ́rùn. Kúbúrátù ń sunkún tẹ̀lé wọn. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, Wàhábì dúró.

“Bàbá Gbàdàmọ́sí,” ó wí, “ẹ fún mi lómi.”

Ọ̀kan nínú àwọn sójà fẹ́ tì í, ọ̀gá wọn ní kó jẹ́ kó mumi. Gbàdàmọ́sí wọlé, ó pẹ́ díẹ̀, ó sì gbé igbá náà jáde. Wàhábì bu omi sẹ́nu. Ó fọ̀ ọ́ dáadáa, ó fọ̀ ọ́ títí, ó sì tu ú sílẹ̀. Ó wo Ràmọ́tà, nítorí òun ló kàn. Ràmọ́tà gbé ojú sá. Wàhábì wá wo Susannah. Ẹnu Susannah là díẹ̀, ó sì tún padé. Ọkọ̀ sójà gbé Wàhábì lọ.

Gbàdàmọ́sí ṣì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú igbá. Omi díẹ̀ kù nínú rẹ̀. Olúyọmí rìn tọ̀ ọ́ lọ, ó na ọwọ́ méjèèjì.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí èmi náà fọ̀ ọ́.”

Bàbá náà wò ó. Láti ọjọ́ gbọ̀ngàn ni kò ti wò ó lójú.

“Ìgbà wo la fún ọ lẹ́nu?” ó wí. “Kí lo fẹ́ fọ̀?”

Ó da omi tó kù sínú ipa katapílà, ó dojú igbá délẹ̀, ó sì wọlé lọ.